Ihò Méjì

Àpótí kan ṣoṣo ló wà lórí fọ́ọ̀mù
níbi tí wọ́n ti ní kí n kọ ohun tí mo fẹ́ kà.
Kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ.
Mo kọ Kẹ́mísírì, ó kún.
Lárúbáwá dúró síta, ó ń wojú mi
bí àbúrò tí kò ráyè nínú ọkọ̀ Ọ̀fà.
Mo kọ òun náà sẹ́gbẹ̀ẹ́.
Akọ̀wé fi bírò pupa gé e.

Bàbá wa àgbà, ní Òkè-Àpómù,
fi àpò ìwé mẹ́ta sílẹ̀,
awọ ewúrẹ́ ni wọ́n fi rán wọn.
Lárúbáwá ló wà láàárín ojú ìwé,
Yorùbá létí, nínú lẹ́tà Lárúbáwá kan náà:
oògùn ibà,
iye àgbò tí wọ́n pa nígbà tí wọ́n sọ Aníkẹ́ lórúkọ,
ta ló jẹ ta ní gbèsè.
Tàdáwà ń jẹ ìwé náà.
Kì í ṣe ikán, kì í ṣe òjò:
ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń jẹ ẹní tó jókòó lé,
tó fi jẹ́ pé bí o bá gbé ewé kan sókè sójú fèrèsé
oòrùn á gba inú lẹ́tà kọjá,
á bọ́ sí ọ léjìká.

Ìdóògún irin ni wọ́n fi po tàdáwà yẹn,
àti èso igi tí àwọn oníṣẹ́ awọ ń lò.
Ẹni tó mọ ásíìdì ò lè ka ohun tí ásíìdì ń jẹ.
Àwọn tó lè kà á,
arò ni wọ́n ń dá lé e lórí.

Dókítà Awótúndùn, ọmọ Òmù-Àrán, bọ́ awò ojú rẹ̀.
"Kúlúsúmù, ẹni tó lé eku méjì, òfo ni yóò pa."
Fáànù ń ké lókè.
Mo rántí oko Ìdófìán,
àbúrò bàbá mi tó fi èéfín sí ẹnu ihò òkété,
tó lóṣòó, tó ń retí,
tí òkété gba ẹ̀yìn òkìtì jáde
wọ inú ẹ̀gẹ́ olóko ẹlòmíràn.
Mo ní, "Sà, eku kan ni mò ń lé.
Ihò méjì ló ní."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó fa dúrọ́ọ̀ ìsàlẹ̀, ó gbọn eruku,
ó yọ ìwé kan tí kò ní àpótí rárá,
ìlà lásán.
"Ọdún mẹ́sàn-án rèé tí a ti fọwọ́ sí i.
Kò sẹ́ni tó béèrè rí.
Fúnra rẹ ni kó o tò ó."

Mo tò ó. Ìlà tí mo parẹ́ pọ̀ ju èyí tí mo kọ lọ.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ilé àyẹ̀wò ní agogo mẹ́wàá,
gírámà ní agogo mẹ́wàá kan náà:
èmi kì í ṣe àǹjọ̀nú.
Àwọn oníkẹ́mísírì ń pè mí ní Àáfà.
Àwọn oní-Lárúbáwá bá mi jókòó,
wọ́n ní kí n fi ọwọ́ tó ń rùn bí ọtí kíkan jìnnà sí ìwé àwọn.
Ìyá mi ń yí wàrà nínú ìkòkò, kò wẹ̀yìn:
"Bó o bá jáde, kí ni ká sọ fáwọn ará ilé pé o dà?"

Mi ò tíì mọ̀, Ìyá.
Ṣùgbọ́n lánàá mo fi omi kán ewé kan létí,
mo fi bébà àyẹ̀wò kàn án:
ó pọ́n bí ojú ẹni tó sunkún.
Lẹ́yìn náà mo sún mọ́ ọn,
mo ka ohun tó kù láàárín àwọn ihò:

Àlùbọ́sà, àpò méjì.
Ó ti san ọ̀kan.
Ó ku ọ̀kan.